Àpò Òróòro Yàtọ̀ sí Ọ̀nà Òróòro

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́. Ojú ewé ìlera ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí nínú ìwé ìròyìn yín, ìdí nìyẹn tí àlàyé tí ẹ ṣe lórí òkúta inú òróòro fi ká mi lára. Ẹ kọ ọ́ pé àpò òróòro ni ó ń pèsè òróòro, ẹ sì fi kún un pé bí síkáànù kò bá ti rí òkúta nínú àpò náà, kí ọkàn aláìsàn balẹ̀. Yíya àwòrán inú ara ni iṣẹ́ mi, n kò sì lè dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ méjèèjì, pàápàá jù lọ ìkejì.

Ẹ̀dọ̀ ni ó ń pèsè òróòro. Láàárín wákàtí 24, ó lè pèsè mìlílítà 500 sí 1,000, bẹ́ẹ̀ sì ni àpò òróòro, tí ó rọ̀ mọ́ abẹ́ ẹ̀dọ̀, kì í sábà gbà ju mìlílítà 30 sí 50 lọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó tọ́jú òróòro pamọ́, kí ó fa omi inú rẹ̀ kúrò títí yóò fi ki. Bí ọ̀rá bá dé inú ìfun kékeré, ìfun yóò tú kẹ́míkà kan tí à ń pè ní cholecystokinin sínú ẹ̀jẹ̀, àpò yóò fún pọ̀, iṣan tí ó há ẹnu ọ̀nà òróòro mọ́ nísàlẹ̀ yóò sì dẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá gé àpò rẹ̀ kúrò ṣì ń jẹun, nítorí ẹ̀dọ̀ kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

Ọ̀nà òróòro gan-an ni ẹ kò mẹ́nu bà. Méjì jáde láti inú ẹ̀dọ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Wọ́n pàdé, ọ̀nà tí ó ti inú àpò wá darapọ̀ mọ́ wọn, gbogbo rẹ̀ sì di ẹyọ kan tí ó gba ẹ̀yìn orí pancreas (ẹ̀yà ara tí ó ń pèsè omi tí ń da oúnjẹ) kọjá kí ó tó ṣí sínú ìfun. Fífẹ̀ rẹ̀ lára àgbàlagbà kì í sábà ju mìlímítà 6 lọ. Òkúta tí kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu nínú àpò lè já bọ́ síbẹ̀ kí ó dí i pa. Nígbà náà ni funfun ojú yóò di àwọ̀ ìyeyè, ìtọ̀ yóò ṣókùnkùn, ìgbọ̀nsẹ̀ yóò funfun, pancreas náà sì lè wú.

Síkáànù tí gbogbo ènìyàn mọ̀, èyí tí a ń fi ìró tí etí kò gbọ́ ṣe, ni ó dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Lójú ẹ̀rọ, òróòro á dúdú, òkúta á mọ́lẹ̀ kedere, òjìji dúdú kan á sì nà lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá ní kí aláìsàn fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, òkúta á yí, ṣùgbọ́n ẹran kékeré tí ó hù sára àpò kò ní kúrò lójú kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n gbààwẹ̀ wákàtí 6 ó kéré tán kí wọ́n tó wá, nítorí oúnjẹ díẹ̀ péré ti tó láti mú kí àpò sún kì, kí ara rẹ̀ sì nípọn lójú wa bí ẹni pé àìsàn wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú ìfun kì í jẹ́ kí ìró yìí dé ìsàlẹ̀ ọ̀nà òróòro dáadáa. Síkáànù tí ó ní àpò mọ́ tónítóní kò tíì dá ọ̀nà láre. Bí ọ̀nà bá fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá fi hàn pé òróòro kò ṣàn, MRCP ló kàn, ìyẹn àwòrán ọ̀nà òróòro tí à ń fi MRI, ẹ̀rọ tí ń lo agbára òòfà, yà láìgún abẹ́rẹ́ àwọ̀ kankan: omi òróòro á funfun báláú, òkúta á sì hàn bí àlàfo dúdú láàárín rẹ̀. CT, síkáànù tí ń lo ìtànṣán X-ray, máa ń fo ọ̀pọ̀ òkúta tí ó jẹ́ pé ọ̀rá ni ó dì di òkúta. ERCP, tí wọ́n ń ti ẹnu ki kámẹ́rà bọ inú ìfun, lè yọ òkúta náà, àmọ́ ó lè mú kí pancreas wú, nítorí náà kò yẹ kí a fi wòran lásán.

Mo bẹ̀ yín, ẹ tẹ àtúnṣe jáde pẹ̀lú àwòrán àwọn ọ̀nà wọ̀nyí, kí ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé ẹni tí ojú rẹ̀ bá di àwọ̀ ìyeyè, tí abẹ́ ìhà ọ̀tún ń dùn ún, tí ibà sì ń gbọ̀n ọ́n, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ìbáà ṣe pé síkáànù àná kò rí nǹkan kan.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan, ayàwòrán inú ara