Sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin tí iṣẹ́ ilé kíkọ́ dá dúró mọ́ lọ́wọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọmọ Alákétu,

Mo kí yín nílé, mo kí yín lóko, mo sì kí ẹ̀yin tí ẹ ti gba ẹnubodè Ìlárá kọjá sí Nàìjíríà lọ wá oúnjẹ òòjọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín sọ: ẹ má ṣe fi iṣẹ́ mọlémọlé sílẹ̀ ní àbọ̀ nítorí pé ẹ kò rí ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé lónìí.

Mo mọ̀ pé nǹkan le. Tẹ́lẹ̀ rí, bí iṣẹ́ bá tán ní Kétu àti Pobẹ̀, ọ̀dọ́ a di ẹrù rẹ̀, a gba Ìlárá kọjá sí Ìmẹ̀kọ tàbí Abẹ́òkúta, a ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan, a sì kó owó bọ̀ wálé. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà ti àwọn ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2019, wọn kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí díẹ̀ nínú wọn títí di oṣù kejìlá 2020. Lẹ́yìn èyí ni náírà wálẹ̀ wọ̀ọ̀ láti oṣù kẹfà 2023, nígbà tí sẹ́fà tiwa so mọ́ yúrò, tí kò sì mì. Ẹni tí wọ́n san owó iṣẹ́ fún ní náírà, bí ó bá ti ṣẹ́ ẹ sí sẹ́fà, ohun tí yóò kù kì í tó gbé délé mọ́. Ìdí nìyí tí púpọ̀ fi padà wálé wá du ìwọ̀nba iṣẹ́ tó wà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè yín ní ọ̀lẹ.

Síbẹ̀, ọmọkùnrin kan tí ó ti lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ ọ̀gá wá bẹ̀ mí pé kí n bá òun wá iṣẹ́. Mo bi í pé àpò sìmẹ́ńtì mélòó ni yóò wọ kọnkéré òpó tí ó fẹ̀ ní mítà 1, tí ó gùn ní mítà 1, tí ó sì ga ní mítà 1. Ó wolẹ̀. Àpò 7 oní-kílò 50 ni, ìyẹn kílò 350 tí àwọn ẹnjiníà ń béèrè. Mo na pláànù tí wọ́n yà ní 1/50 sí i. Kò mọ̀ pé sẹ̀ǹtímítà 2 lórí ìwé yẹn ni mítà 1 lórí ilẹ̀. N kò dá a lẹ́bi, nítorí yẹ̀pẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ ń gbé rù ú, omi ni ó ń rán an pọn. (Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń gba owó ìkọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ òbí, tí ẹ wá sọ ọmọ olọ́mọ di alábàárù, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín jù wọ́n lọ.) Ẹni tí kò mọ̀ ju ẹrù rírù lọ ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá dúró bí owó onílé bá ń tán, ẹni tí ó lè ka pláànù ni wọ́n ń dì mú títí wọn yóò fi kan òrùlé.

Nítorí náà, ní oṣù òjò tí iṣẹ́ bá fà sẹ́yìn, ẹ lọ kọ́ ohun tí ó kù, kí ẹ sì múra sílẹ̀ fún ìdánwò CQM, ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ tí ìjọba fi lélẹ̀ fún àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú ní ANPE, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó ń bá ènìyàn wá iṣẹ́. N kò bú ẹni tí ó ń ta epo kpayo, ìyẹn epo ọkọ̀ tí wọ́n ń fà wọlé láti Nàìjíríà, ebi kì í dúró de ìmọ̀ràn. Ṣùgbọ́n epo náà ti wọ́n láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní 2023. Oko àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́ sàn ju ìyẹn lọ, ilẹ̀ wa ṣì gbà á.

Bí iṣẹ́ bá dé, ẹ béèrè ìwé àdéhùn. Owó oṣù tí ó kéré jù lórílẹ̀-èdè wa ti di 52.000 sẹ́fà láti oṣù kìn-ín-ní 2023, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gba owó ojúmọ́ láìsí àkọsílẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi hàn bí agbaṣẹ́ṣe tí ó gbà á síṣẹ́ bá sá lọ. Bí wọn kò bá fún yín ní ìwé, ẹ ra káyẹ̀ kékeré, kí ẹ máa kọ ọjọ́ tí ẹ ṣiṣẹ́ àti iye tí wọ́n san sínú rẹ̀, kí ọ̀gá sì fọwọ́ sí i ní gbogbo ọjọ́ Sátidé kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá yín kan ní Kétu.