Iṣẹ́ olùkọ́ ni Heald ṣe jù

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́. Ìròyìn yín lórí Bill Heald, oníṣẹ́ abẹ ará Basingstoke nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dára, àmọ́ ìwádìí rẹ̀ nìkan lẹ gbé lárugẹ. Lójú tèmi, iṣẹ́ olùkọ́ tó ṣe ló wúlò jù.

Tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ ló máa ń ki ọwọ́ bọ inú ìbàdí, tí wọ́n á fa ìfun ìsàlẹ̀ tí jẹjẹrẹ wà yọ láìrí ibi tí ọwọ́ ń lọ. Ọ̀rá tó yí ìfun náà ká á ya, jẹjẹrẹ tó ṣẹ́kù síbẹ̀ á sì tún hù. Ní 1982, Heald tẹ̀ ẹ́ jáde pé ó yẹ kí wọ́n yọ ọ̀rá náà lódindi pẹ̀lú ìfun.

Ṣùgbọ́n ta ló ń ti inú ìwé kọ́ irú iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀? Heald gbéra, ó ń lọ ṣe é lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden àti Norway. Lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ Stockholm, iye aláìsàn tí jẹjẹrẹ tún padà sí ìbàdí wọn fi ju ìlàjì lọ dín kù. Àṣírí kò sì ṣeé bò: lórí tábìlì ayẹ̀wò, ohun tí wọ́n yọ dáadáa máa ń dán, èyí tí wọ́n fi ipá fà á rí jákujàku.

Àwọn tó ń fi iye ìwé tí dókítà tẹ̀ nìkan gbé e ga, ẹ bá wa bi wọ́n: ta ni yóò kọ́ àwọn tó ń bọ̀?

Nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ