Lẹ́tà sí Ràṣídì lórí ọ̀rọ̀ Jámíù

Ràṣídì ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Kánádà? Òtútù ọ̀hún ńkọ́? Àwa wà dáadáa ní Surulere, a dúpẹ́. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí fídíò Jámíù, níbi tó ti ń ja jiu-jitsu tí mò ń kọ́ ọ, ìjà orí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fún èèyàn lọ́rùn títí á fi gbà. O ní kí n tètè kọ́ ọ ní ìjàkadì, kí àwọn oníjàkadì pápá ìṣeré yẹn yé máa gbé e ṣánlẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ni, ìjàkadì sì lorò Ọ̀fà. Ṣùgbọ́n mi ò gbà.

Láti kékeré làwọn tó máa bá pàdé níbi ìdíje jiu-jitsu lóṣù tó ń bọ̀ ti ń ja ìjàkadì. Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń jà á nílẹ̀ yìí: Odunayo Adekuoroye gba wúrà Commonwealth ní 2014, ní 2018 àti ní 2022, Blessing Oborududu sì gba fàdákà Olympics ní Tokyo ní 2021. Ṣé ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni Jámíù fẹ́ fi lé irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ bá? Bó bá dúró tì wọ́n lórí ìdúró, ilé wọn ló lọ bá wọn jà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé e ni mò ń kọ́ ọ. Rántí pé nínú ìjàkadì, bí èjìká méjèèjì bá ti kanlẹ̀, ó parí. Ara oníjàkadì ti mọ̀ ọ́n. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti fẹ́ kanlẹ̀ báyìí, kíá lá yí ikùn délẹ̀, kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nínú jiu-jitsu, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti gbé ẹ̀yìn ara rẹ̀ fún ọ. Kí Jámíù gun ẹ̀yìn yẹn, kó ki ẹsẹ̀ méjèèjì sínú itan ẹni náà, kó dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 3, póìǹtì 4 ti dé nìyẹn. Póìǹtì 2 péré ni wọ́n ń fún ẹni tó gbé èèyàn ṣánlẹ̀. Ọrùn ọmọ ọ̀hún sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, láti ibi ìṣubú la ti ń bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ọmọ Mushin kan tó wúwo jù láàárín wa á kọ́kọ́ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, á gbé e. Kí Jámíù tó balẹ̀, orúnkún rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ ti wọ àárín àwọn méjèèjì. Láti ibẹ̀ ni yóò ti dà á nù, bí tọ̀hún bá sì yí ikùn, kó tẹ̀ lé e. Orí tí wọ́n ń kì bọ ikùn èèyàn kí wọ́n tó gbé e náà, mò ń kọ́ ọ bó ṣe máa fi mú wọn. Ọwọ́ ló máa ń fi fà á, kò sì mú. Lánàá, mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, mo gbé eegun rẹ̀ sí abẹ́ àgbọ̀n ọmọ Mushin yẹn, mo ní kó lẹ ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ìhà, kó ti àyà síwájú. Ọmọ yẹn fọwọ́ lu máàtì pé òun ti gbà, kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Ká ní o rí ojú Jámíù!

Bó bá fẹ́ jókòó fúnra rẹ̀ kó lè jà látilẹ̀, kó jókòó kí wọ́n tó kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti di ẹsẹ̀ náà mú kó tó jókòó, rẹfirí lè fún wọn ní póìǹtì.

Ìṣẹ́jú 5 ni ìjà jiu-jitsu wọn, kò sí ìsinmi. Ìjàkadì àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 2 lọ́nà méjì, wọ́n á sì simi láàárín. Ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ ló máa le bí òjò àkọ́rọ̀. Kó fara dà á, kó máa mí.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ kílò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ká a mọ́ ibi tó ti ń sáré ní Lawanson pẹ̀lú súwẹ́tà méjì lọ́rùn nínú oòrùn ọ̀sán, kò mu omi láti àárọ̀. Ọmọ ọdún 17! Kété kí wọ́n tó jà ni wọ́n máa wọ̀n wọ́n, ìgbà wo ló fẹ́ mu omi tó máa fi jà? Mo sọ fún un pé bó bá tún dán an wò, kò ní jà. Ó ní, "Ẹ má bínú, Kóòṣì," ṣùgbọ́n ìwọ ló ń gbọ́ tìrẹ. Bá mi pè é. Sọ fún un pé kó jẹ àmàlà ìyá rẹ̀, kó sì jà níbi tí ara rẹ̀ bá wọ̀n sí.

Pe ẹ̀gbọ́n rẹ náà. Etí òsì Jámíù ti ń wú, ẹ̀rù sì ń ba ìyá rẹ̀. Bí o bá rí ìbòrí etí táwọn oníjàkadì ń dè lọ́hùn-ún, fún ẹni tó ń bọ̀ nílé kó bá wa mú un wá. Èyí tó kéré ni kí o rà, orí Jámíù kò tóbi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Lékè