Okùn Ojú Ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ Ò Jẹ́ Ká Ráyè Wo Ṣọ́ọ̀ṣì

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Láti Sátidé tó kọjá ni inú ti ń bí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta. Àwa mẹ́rìnlá láti ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà wa la háyà bọ́ọ̀sì lọ sí Ouidah ní ilẹ̀ Benin, ká lè wo basílíkà, ìyẹn ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ńlá, tó wà níbẹ̀. Aago márùn-ún ìdájí la gbéra ní Èkó, aago mẹ́ta ọ̀sán kọjá ká tó débẹ̀. Ọ̀nà ò jìn tó bẹ́ẹ̀. Okùn ni.

Láti Àgbádárìgì dé Sẹ̀mẹ̀, ní bodè, okùn ni àwọn agbófinró ń ta sójú títì láti dá ọkọ̀ dúró. Níbòmíràn, pákó tí wọ́n kan ìṣó mọ́. Mọ́mì kan nínú wa ń fi rósárì rẹ̀ kà á, okùn kan, ìlẹ̀kẹ̀ kan. Ó ka mẹ́wàá tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Níbì kan, ọmọkùnrin tó di okùn mú, sílípáàsì ló wọ̀, kò wọ aṣọ ìjọba rárá. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ wà lábẹ́ igi. Ìwé ìrìnnà wa pé, yẹ́lò káàdì wa, ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára, pé. "Ẹ̀yin ìyá wa, kí lẹ mú wá fún wa?" Ìwé pé, wọ́n ṣì ń gbowó! Láti 1979 ni ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ti fọwọ́ sí i pé ká máa wọ ilẹ̀ ara wa fún ọjọ́ 90 láìgba físà. Ta ló wá ta okùn sí i?

Àwọn agbófinró ti Benin lódìkejì náà kì í ṣe áńgẹ́lì o, àmọ́ ibi tí wọ́n ti dá wa dúró ò tó ìdajì tiwa.

Ohun tó dùn mí jù ni pé orísun wa là ń lọ. Ouidah ni Fadá Borghero gúnlẹ̀ sí ní 1861, ká tó rí fadá tó jókòó ti Èkó ní 1868. Láti Brazil ni bàbá tó bí bàbá mi àgbà ti padà wá. Òun sọ̀ ní Èkó, àbúrò rẹ̀ sọ̀ ní Ouidah. Ayé Faransé ni wọ́n kọ́ basílíkà yẹn, 1903 sí 1909, ibẹ̀ sì ni Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún ti fọwọ́ sí ìwé tó kọ sí ilẹ̀ Áfíríkà ní 2011. Ogójì ìṣẹ́jú péré la lò níbẹ̀! N ò tíì kúnlẹ̀ dáadáa tí dírẹ́bà fi ń fọn fèrè. (Ilé òrìṣà òjòlá ló kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì náà gan-an, títì ló là wọ́n láàárín. Ẹnì kan nínú wa fi gèlè bojú kọjá. Ẹ̀rín kan ṣoṣo tí mo rín lọ́jọ́ náà nìyẹn.) A ò dé etíkun, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú sọdá, torí ká má baà fi òru pàdé okùn.

Àwọn tó wà lókè mọ̀. Ọkọ̀ onífèrè tiwọn ò pàdé okùn rí.

Pátákó ni mo fẹ́. Kí wọ́n ri ńlá kan mọ́ Àgbádárìgì, òmíràn sí bodè, kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá, Ẹ̀gùn, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé: ìwé tó yẹ kéèyàn mú dání àti iye tó yẹ kó san. Bí kò bá sí owó, kí wọ́n kọ "Ọ̀FẸ́" gàdàgbà. Kí nọ́ńbà tí èèyàn lè pè wà nísàlẹ̀, kí ẹni tó máa gbé e má sùn. Ọ̀dà tójò ò lè fọ̀ ni kí wọ́n lò, mo mọ iṣẹ́ kọngilá wa. Nígbà tí mo jẹ́ hẹdimísírẹ̀sì, ìwé kékeré tí mo lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, tí mo kọ iye owó yunifọ́ọ̀mù sí, ló pa àwọn tó ń bu owó lé e lẹ́nu mọ́. Ẹni tó bá sì gbowó, kó já rìsíìtì.

Okùn, kí wọ́n kó o kúrò. Kí wọ́n ṣe ilé ìyàgbẹ́ sí bodè pẹ̀lú.

A tún fẹ́ lọ ní Oṣù Kejìlá. Mọ́mì olórósárì ní òun ò bá wa lọ mọ́, àfi tá a bá gba ojú omi. Ẹni tí ẹ̀rù omi ń bà gan-an ni o.

Olùkọ́ fẹ̀yìntì kan,
Pópó Àgùdà, Èkó.