Bísí, Má Fi Kíríìmù Yẹn Pa Ara Mọ́

Ìtòkú, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ 9, Oṣù Kẹta.

Bísí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Baba wọn ńkọ́? Ṣé ooru Kánò ń jẹ́ kí ẹ sùn? Níbí, Àpáta Olúmọ ń gba oòrùn láti àárọ̀, ó ń tú u lé wa lórí títí di òru.

Ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kò kúrò létí mi. O ní abẹ́ ọmú rẹ tún ti bó, ó pọ́n, ó ń ta ọ́, ó ń yún ọ, o sì tún ń fi kíríìmù pa á. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin rèé láàárín ọdún kan. Alágbo sì ní ẹ̀jẹ̀ rẹ ló dọ̀tí. Ẹ̀jẹ̀ rẹ kò dọ̀tí, ọ̀rẹ́ mi. Má mu àgbo tí ń múni yàgbẹ́ nítorí rẹ̀ mọ́.

Ohun kan náà bá mi fà á fún ọdún méjì. Ọwọ́ ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀. O mọ iṣẹ́ wa: ọwọ́ nínú aró láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, omi kì í kúrò láàárín ìka. Ibi tí ìka àárín ti pàdé ìka òrùka ló kọ́kọ́ funfun, ó rọ̀, lẹ́yìn náà ó bó. Kò pẹ́ tó fi yọ lábẹ́ ọmú. Mo fi àtíkè bò ó, òógùn pò ó di ẹrẹ̀. Mo ra kíríìmù lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì kan. Ní ọjọ́ mẹ́ta, ìyún dá. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó padà, ó gbilẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí mo ṣe ń rà á lọ nìyẹn, títí awọ ibẹ̀ fi fẹ́lẹ́ bíi bébà.

Dókítà obìnrin kan ní Ìdí-Àbà ló là mí lóye. Ó fi àwọn róró pupa wẹ́wẹ́ tó fọ́n yí etí egbò náà ká hàn mí, ó ní àmì rẹ̀ nìyẹn. Candida ni wọ́n ń pè é, ìran ìwúkàrà ni. Ara wa ló ń gbé láìṣe nǹkan kan. Ibi tó bá ti rí ooru, omi àti awọ tó ń ha ara wọn, ibẹ̀ ló ti ń bí sí i. Ó ka ara páálí kíríìmù mi: oògùn mẹ́ta ni wọ́n pò pọ̀, ọ̀kan sì ni betamethasone, sítẹ́rọ́ìdì. Ìyún a rọlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ agbára tí awọ fi ń bá a jà ń lọ sílẹ̀ pẹ̀lú. Jọ̀ọ́, ka ara páálí tìrẹ lónìí.

Clotrimazole nìkan, oògùn tó ń pa Candida, ló kọ fún mi, láàárọ̀ àti lálẹ́. Tẹ́lẹ̀, bó bá ti dá ni mo máa ń dáwọ́ dúró. Ó ní kí n fi ọ̀sẹ̀ méjì lé e lẹ́yìn tí awọ bá mọ́. Mi ò fi tówẹ̀lì họra mọ́, mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Kọ́mú òwú ni mo ń wọ̀, ojoojúmọ́ ni mo ń pààrọ̀ rẹ̀. Nídìí aró, ìbọ̀wọ́ òwú ni mo ń kọ́kọ́ wọ̀ kí n tó wọ ti rọ́bà lé e.

Èyí tó ká mi lára jù rèé. Dókítà náà ní kí n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi wò, nítorí bí ṣúgà bá pọ̀, bí a ti ń pa kinní yìí ni yóò máa padà. Mo gbààwẹ̀ mọ́jú kí n tó lọ. Tèmi jẹ́ 94 mg/dL. Bó bá tó 126 mg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn á tún un ṣe, bí kò bá yí padà, àtọ̀gbẹ ni. Bísí, àtọ̀gbẹ ló ṣe ìyá rẹ, ìwọ náà sì sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mẹta lò ń jí tọ̀ lóru. Má jẹun lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ òní, lọ ṣe é láàárọ̀ ọ̀la kí o tó lọ sọ́jà.

Bí èsì bá ti jáde, pè mí, ìbáà jẹ́ òru.

Èmi ni,
Àṣàkẹ́