Àlàbí, mo gbé ìkòkò kan lọ́wọ́

Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ Àìkú.

Àlàbí ọ̀rẹ́ mi,

Ìyá wa ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́, mo sì mọ̀ pé o ti ń bínú. Jọ̀ọ́, dákun. Iṣẹ́ ilé gbàǹjo yìí ló gbà mí lọ́wọ́, èmi aláàárù oníbọ̀wọ́ rọ́bà.

Ohun tí mo rí lỌ́jọ́bọ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ọ, torí n kò rí ẹni tó máa yé níbí. Wọ́n ní kí n gbé ìkòkò ọ̀ṣọ́ kan jáde nínú àpótí. Kò ga ju ìgò ọtí lọ. Ó dúdú kirikiri, wọ́n fi góòlù de ẹnu àti ìdí rẹ̀, wọ́n sì kọ Cartier, orúkọ ilé iṣẹ́ oníṣọ̀nà góòlù kan, sára góòlù náà. Mo rọra yí i sábẹ́ iná. Àlàbí, ara rẹ̀ jí! Ibi tó dúdú tẹ́lẹ̀ di àwọ̀ aró, ó di ewé, ó tún pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Òkè ni, igi ni, àti apẹja kan nínú ọkọ̀. Ojú apẹja yẹn kò tó ọkà bàbà kan. Okùn ìwọ̀ rẹ̀ dà bí irun, ìkarahun sì ni: inú ìkarahun òkun ni wọ́n lọ̀ títí tó fi fẹ́lẹ́ bíi bébà, tí wọ́n wá gé e wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń tò ó lẹ́yọ lẹ́yọ. Ẹyọ kan ti já bọ́ lẹ́yìn ọkọ̀ náà. Ihò rẹ̀ rí bí ibi tí eyín ti yọ lẹ́nu ọmọdé.

Dúdú yẹn kì í ṣe ọ̀dà o. Oje igi ni, ẹbí kajú àti máńgòrò ni igi náà. Ṣé o rántí ọjọ́ tí a yan kóró kajú lẹ́yìn ilé yín, tí òróró èèpo rẹ̀ bó ọ létè, tí Ìyá wa ń fi epo pupa ra á fún ọ? Oje yìí náà ń ṣe àwọn tó ń fi í ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀: ara wọn á máa yún, á sì wú. Ní Jàpáàn, igi tó ti lo ọdún mẹ́wàá kì í mú ju nǹkan bí ife kan wá kí wọ́n tó gé e lulẹ̀. Wọ́n á kùn ún, wọ́n á ha á, wọ́n á tún un kùn. Oòrùn kọ́ ló sì ń mú un le, inú àpótí tó ní ọ̀rinrin ni wọ́n ń gbé e sí. Ìwọ tí o máa ń sá igbá sóòrùn, kí lo rí wí sí i?

Párísì ni ilé iṣẹ́ Cartier ti bẹ̀rẹ̀ ní 1847. (Ní 1917, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ ẹni tó dá a sílẹ̀ fi ìlẹ̀kẹ̀ péálì olókùn méjì àti 100 dọ́là gba odidi ilé ńlá kan ní New York. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn o! Má jẹ́ kí ìyàwó rẹ gbọ́.) Ní àwọn ọdún 1920, wọ́n máa ń ra iṣẹ́ ìkarahun àtijọ́ ti Ṣáínà, wọ́n á fi góòlù àti iyùn yí i ká, ó di aago tàbí àpótí àtíkè. Ará Rọ́ṣíà kan, Vladimir Makowsky, tún ń to ìkarahun fún wọn, òun sì máa ń fi orúkọ rẹ̀ sí tirẹ̀.

Ti ìkòkò yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Mo yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, mò ń wá orúkọ ẹni tó to apẹja yẹn. Ọ̀gá mi bi mí ohun tí mò ń wá, mo ní eruku ni.

Igbá mẹ́fà rẹ ló sọ sí mi lọ́kàn, èyí tí oníṣòwò yẹn kó lọ sí Èkó, tó lẹ orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́ nídìí. O rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, o ní owó ṣáà ti wọlé. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ wá síbí lóṣù tó ń bọ̀. Fi igbá kan rán wọn sí mi, èyí tó ní alángbá. Ìdí rẹ̀ ni kí o fín orúkọ rẹ sí, kó sì tóbi.

Ọjọ́rú ni wọ́n máa lu ìkòkò náà ní gbàǹjo. Èmi ni n ó gbé e jáde.

Bá mi kí Ìyá wa.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Àkàndé