Ẹ jẹ́ kí káàdì bá ọmọ wá

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó ń gbé lọ́dọ̀ alágbàtọ́ nílẹ̀ Okun níbí, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ló mú mi kọ̀wé.

Láti Kàbà títí dé Ìsánlú, kò sí àdúgbò tí a ò ti ní rí wọn. Ìyá ọmọ ń wá oúnjẹ òòjọ́ l'Ábùjá tàbí l'Ékòó, bàbá ti kú tàbí ó ti fẹ́ ẹlòmíràn, ọmọ ọdún kan ààbọ̀ wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà. N ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn o. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Ohun tó ń dùn mí ni pé aṣọ ọmọ á bá a wá, bàtà á bá a wá, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára á wà nínú àpótí ìyá rẹ̀ ní Nyanya. Ṣé ó ké nígbà tí wọ́n bí i? Ṣé ibà pọ́njú mú ojú rẹ̀ pọ́n lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́? Ṣé gìrì ti gbé e rí? Ìyá àgbà ò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọmọ tí kò tètè mí nígbà ìbí àti ọmọ tí ojú rẹ̀ pọ́n gan-an tí a ò tètè tọ́jú wà lára àwọn tí a gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ etí, ọrùn àti ẹsẹ̀ wọn.

Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìntì. Ìyá àgbà kan gbé ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́ta wá nítorí ikọ́. Ó pè é kó wá jókòó, ọmọ ò dá a lóhùn. "Nọ́ọ̀sì, ẹ má dá a lóhùn, olóríkunkun ni. Àfi tí mo bá nà án." Mo bọ́ sẹ́yìn ọmọ náà, mo fi ṣíbí lu abọ́ irin. Kò bojú wẹ̀yìn. Nígbà tí mo wo etí rẹ̀, ọyún ti gbẹ mọ́ ojú ihò méjèèjì. Mo ní ṣé wọ́n ti sọ fún ìyá ọmọ pé kì í sọ̀rọ̀. Ó ní, "Kí wọ́n lè sọ pé èmi ni mo jẹ ẹ́?"

Ẹ̀rù yìí gan-an ni ìṣòro wa. Ìyá àgbà ò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní àjẹ́, ìyá ọmọ ò fẹ́ kí ará ilé mọ̀ pé gìrì gbé ọmọ òun rí, oníkálukú bá di tirẹ̀ mọ́ inú. Ẹni tó bá tiẹ̀ kíyè sí nǹkan, wọ́n á ní bàbá ọmọ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Lóòótọ́, àwọn kan máa ń pẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó pé oṣù 9 tí kò lè dá jókòó, tàbí tó pé oṣù 18 tí kò tíì rìn, ẹ gbé e wá ká wò ó.

Ó tún ní èyí tó ṣòro díẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lè dákẹ́, kó padà máa tọ̀ sílé, kó má bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Ọkàn rẹ̀ ló bàjẹ́, ó lè má jẹ́ pé ọpọlọ rẹ̀ ló lọ́ra. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan kò fi tó: ká wò ó bó bá ṣe dé, ká tún wò ó lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí ara rẹ̀ bá ti silé.

Láti ọdún 2003 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ètò tí wọ́n á fi máa darí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, tó bá hàn gbangba pé wọ́n fìyà jẹ tàbí pa tì, lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ran ìdàgbàsókè ọmọ lọ́wọ́. Ọdún 2003 náà ni àwa ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, abala kan sì wà níbẹ̀ fún ọmọ àgbàtọ́. Ọmọ tí ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kó lọ sọ́dọ̀ alágbàtọ́ ni abala ọ̀hún ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, garéèjì ni a ti ń gba ọmọ.

N ò ní kí ìjọba kọ́ ilé tuntun. A ń rí ọmọ lóṣù 9 fún abẹ́rẹ́ èèyì, a tún ń rí i lóṣù 15. A ó wọ̀n ọ́n, a ó gún un, ó parí. Kí ló dé tí a ò lè béèrè nígbà náà bóyá ó ń bojú wẹ̀yìn tí wọ́n bá pè é, bóyá ó ń nawọ́ sí nǹkan, ta ló sì ń tọ́ ọ? Tó bá jẹ́ alágbàtọ́, kí a pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, kí a kọ ìtàn ìbí rẹ̀ sínú káàdì. Ọ̀pọ̀ ìrànlọ́wọ́ tí a lè ṣe fún ọmọ tó bá lọ́ra kò nílò ẹ̀rọ: bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ jókòó kí ọrùn rẹ̀ lè le, bí wọ́n ṣe ń kọjú sí i bá a sọ̀rọ̀, a lè kọ́ ìyá àgbà lórí àga ìdúró-de-nọ́ọ̀sì.

Èyí tó bá ju agbára wa lọ, ilé ìwòsàn ní Lọ́kọ́jà tàbí Ìlọrin ni. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń kú, nítorí owó ọkọ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún ló wà láàárín wa, Kàbà-Búnú, Ìjùmú, Mọ̀pà àti Yàgbà méjèèjì. Mo fẹ́ kí àwọn alága wọn fèsì nínú ìwé ìròyìn yín kan náà: èló ni wọ́n yà sọ́tọ̀ lọ́dún yìí fún ọkọ̀ ọmọ tí nọ́ọ̀sì bá kọ lẹ́tà fún, ọ́fíìsì wo ni ìyá àgbà á sì lọ láti gbà á?

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì,
Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí